Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gá Stan Bowman, olùdarí ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín Edmonton Oilers: ẹ wo ẹrù tó wà lórí adẹ́yìnmú kí ẹ tó ka àṣìṣe rẹ̀

Ọ̀gá Bowman,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ọdún méjì léraléra la dé àṣekágbá, ọdún méjì léraléra ni Florida Panthers gbé ife lọ lójú wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí game mẹ́rin ló sì ń gbé e. Ti 2024 di game keje kí wọ́n tó fi 2-1 lé wa padà sílé, tọdún yìí ò tiẹ̀ débẹ̀, game kẹfà, 5-1, ó parí. Mi ò wá láti họ ojú egbò yín, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó dùn tó yín. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí ní oṣù Keje 2025 tí gbogbo èèyàn ń gbádùn oòrùn ni ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ láti alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà yẹn, nínú bọ́ọ̀sì o, níbi iṣẹ́ o, kódà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday níbi tí àwa ọmọ Yorùbá ti máa ń dúró kí ara wa: àwọn adẹ́yìnmú ló pa wá. Ẹ ta Nurse. Bouchard ò mọ ilé ṣọ́. Ekholm ti darúgbó. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, tí wọ́n á sì máa ka góòlù kan tí gbogbo ayé rí, ẹni tó sọ puck, rọ́bà tí wọ́n ń gbá, nù, ẹni tó ṣubú, ẹni tí wọ́n gbá a kọjá láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ, gbogbo yòókù á wà lábẹ́ rẹ̀: àṣìṣe adẹ́yìnmú ló ń hàn, iṣẹ́ rẹ̀ kì í hàn, torí náà ẹni tó bá fi ohun tó hàn nìkan fún un ní máàkì á máa lé ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo, á máa pa ẹni tí wọn ò gbé nǹkan kan fún mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀kan. Mo ń bẹ̀rù kó má tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ fún àwọn ará ilé tó ń ka èyí tí wọn ò mọ họ́kì orí yìnyín, Ọ̀gá, ẹ fo ibí yìí tó bá wù yín. Adẹ́yìnmú mẹ́fà ni tíìmù sábà máa ń lò fún game kan, méjì méjì ni wọ́n ń wọlé, wọ́n á fi bí ìṣẹ́jú àáyá 45 sáré, wọ́n á jáde, méjì mìíràn á fò wọlé, eré ò sì ní dúró. Ohun tí wọ́n ń gbá kì í ṣe bọ́ọ̀lù, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan ni, puck lorúkọ rẹ̀, ó sì ń yọ̀ lórí yìnyín bí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìlà búlúù méjì ló pín pápá sí mẹ́ta, ìdá tó wà níwájú aṣọ́lé wa ni ilé wa. Tí alátakò bá ju puck sẹ́yìn ilé wa, adẹ́yìnmú ló máa kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ayé lọ bá a lẹ́bàá ògiri, ó sì mọ̀ dájú pé òmìrán kan ń bọ̀ lẹ́yìn òun pẹ̀lú gbogbo agbára láti wá gbá òun mọ́ ògiri. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé e gbà, ṣé káàkiri ẹ̀yìn ilé ni, ṣé kó já a gba àárín, ṣé kó gbé e lu gíláàsì kó sáà jáde, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló ní láti fi ronú. Tó bá ṣe é dáadáa, McDavid, ìràwọ̀ eléré iwájú wa, gba puck ó sáré lọ, McDavid la máa pàtẹ́wọ́ fún. Tó bá ṣe é burúkú, góòlù, orúkọ tiẹ̀ ló máa wà lẹ́nu gbogbo èèyàn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ń wo họ́kì, ojú tẹlifíṣọ̀n ni mo fi ń wò ó, ibi tí puck bá wà ni kámẹ́rà ń lọ, ibẹ̀ náà ni ojú mi ń lọ. Ìgbà tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì sí òkè pátápátá ní Rogers Place, pápá Oilers, níbi tó rọ̀ jù lówó, ni ojú mi là. Láti òkè, gbogbo pápá lẹ máa rí. Mo pinnu lọ́jọ́ kan pé mi ò ní wo puck mọ́, adẹ́yìnmú wa Brett Kulak nìkan ni mo máa wò fún odindi ìpín àkọ́kọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rí game mìíràn. Mo rí i tó ń wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ìdí puck. Mo rí i tó sún mọ́ ẹni tó ń gbé puck bọ̀ títí ẹni yẹn ò fi rí àyè kọjá ìlà búlúù, ló bá jù ú síwájú lásán, aṣọ́lé wa jáde wá gbá a padà, ó parí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kò sí nọ́ńbà kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un nínú ìwé góòlù. Ṣùgbọ́n ewu kan ti kú síbẹ̀, ewu tí ì bá di puck tí wọ́n gbá sí ilé wa, tí ì bá di góòlù, adẹ́yìnmú tó bá ń pa irú ewu bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mélòó kan lálẹ́ ọjọ́ kan, tó wá ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ fún mi, ṣé ẹni burúkú ni?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Evan Bouchard, torí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló gbóná jù, ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ọdún mẹ́rin, mílíọ̀nù 10.5 dọ́là lọ́dún. Àwọn kan pariwo pé owó yẹn ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń sọ puck nù. Òótọ́ ni pé ó ń sọ ọ́ nù, mi ò ní parọ́. Ó máa ń já páàsì gba àárín ilé wa láì wo ẹni tó fara pamọ́ síbẹ̀, nígbà míràn tó bá sọ ọ́ nù tán á máa rìn padà bí ẹni ń lọ sọ́jà, èyí máa ń bí mi nínú gidi gan-an, mo ti dìde nítorí ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọnmi ló ń fọ́ agbè. Ọwọ́ ta ni puck máa ń wà jù nínú àwọn adẹ́yìnmú wa? Ọwọ́ ẹ̀ ni. Ẹni tí ò bá fọwọ́ kàn án, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń gbé e lu gíláàsì jáde, wọn ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọ nǹkan nù, ṣùgbọ́n alátakò ló máa gba puck yẹn, wọ́n á tún gbé e padà wá, ilé wa la máa wà síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ ò rí i pé sísọnù náà nìyẹn, aṣọ mìíràn ló kàn wọ̀?

Ẹ tún wo òdì kejì ìwé náà. Sísìn 2023-24, point 82 ni Bouchard kó, góòlù 18 àti páàsì 64 tó di góòlù. Nínú play-off ọdún yẹn, ìyẹn ìdíje fún ife lẹ́yìn sísìn, páàsì 26 tó di góòlù nínú game 25, kò sí adẹ́yìnmú kankan nínú ìtàn NHL, liigi wa, tó ní tó bẹ́ẹ̀ nínú play-off ẹyọ kan, Paul Coffey ló ni 25 láti 1985, Coffey yìí kan náà tó jẹ́ pé aṣọ wa yìí ló wọ̀ tó fi gbá góòlù 48 wọlé ní sísìn 1985-86, iye tí adẹ́yìnmú kankan ò tíì bá títí dòní. Ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìwúlò ló kọjá Coffey o! Lọ́dún yìí, nínú play-off, game kẹrin pẹ̀lú Los Angeles, wọ́n ti fẹ́ fi ìyàtọ̀ game méjì síwájú wa, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 29 kí eré parí, Bouchard ló gbá a wọlé tó fi di ọ̀mì, nígbà tí wọ́n wọ àfikún àkókò, Leon Draisaitl ló wá parí ẹ̀. Tí kì í bá ṣe ti alẹ́ ọjọ́ yẹn, bóyá la tiẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ Florida tí wọ́n á fi rí ẹni máa bú. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà, ohun tó sọ nù àti ohun tó mú wálé, kì í ṣe kí ẹ gbé ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n kí ẹ fi èkejì sápò.

Ó wá kan plus-minus. Ọ̀gá, mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò lọ́ọ́fíìsì yín ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ṣì ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n, òun ni wọ́n fi ń bú ọmọ ọlọ́mọ. Tí tíìmù rẹ bá gbá góòlù wọlé nígbà tí o wà lórí yìnyín, o gba kan, tí wọ́n bá gbá a wọlé rẹ, wọ́n yọ kan. Ó dà bí ẹni pé ó tọ́ àbí? Ṣùgbọ́n góòlù tí a bá gbá nígbà tí alátakò ti dín lẹ́nì kan nítorí ìjìyà kì í wọnú ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni Bouchard ti ń ṣe bẹbẹ. Ẹ wá wo game kẹfà yẹn. Sam Reinhart gbá góòlù mẹ́rin wọlé wa, mẹ́rin! Ṣùgbọ́n méjì tó kẹ́yìn, ilé tó ṣófo ló gbá wọn sí, torí a ti pe aṣọ́lé jáde ká lè fi ẹnì kan kún iwájú. Gbogbo ẹni tó wà lórí yìnyín nígbà yẹn ni wọ́n yọ kan kan fún. Àwọn wo ni kóòṣì máa ń fi sórí yìnyín nígbà tí a bá ń lé góòlù lójú méjèèjì? Àwọn tó fọkàn tán jù ni. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn gan-an ló wá sọ wọ́n di ẹlẹ́bi nínú ìwé. Ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì torí kóòṣì ò gbà á gbọ́, tiẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Darnell Nurse báyìí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ síbí.

Mílíọ̀nù 9.25 dọ́là lọ́dún ni wọ́n ń san fún un, ọdún mẹ́jọ, oṣù Kẹjọ 2021 ló tọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ fún un, ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù 16 nínú game 56 ni, bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni Chicago fún Seth Jones ní mílíọ̀nù 9.5, Columbus fún Zach Werenski ní ohun tó lé díẹ̀ sí 9.58, iye tí ọjà ń tà lásìkò yẹn nìyẹn. Kò jalè. Kò fi ìbọn gbà á. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tó bá ṣubú, mílíọ̀nù 9.25 ló ṣubú, wọn kì í sọ pé Nurse ṣìṣe, wọ́n á ní “wo owó tó ń gbà”. Ìdájọ́ lórí owó yàtọ̀ sí ìdájọ́ lórí eré. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà pọ̀ jù, ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ béèrè ẹ̀ lọ́tọ̀, èmi gan-an gbà pé ó pọ̀ díẹ̀, tòun ti Bouchard báyìí, mílíọ̀nù 19.75 ni ẹ ti fi ra ènìyàn méjì nínú mílíọ̀nù 95.5 tí liigi gbà yín láyè láti ná ní sísìn tó ń bọ̀, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ṣùgbọ́n bóyá Nurse mọ iṣẹ́, owó kọ́ ló máa sọ ìyẹn fún wa.

Kí ló máa sọ ọ́? Ẹ wo ẹni tó ń bá a rìn. Nurse àti Cody Ceci ní 2024, gbogbo wa la rí i, ó le fún wọn, ìgbà tó ṣe kóòṣì Knoblauch tú wọn ká. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń fi Kulak sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, Kulak tí ọwọ́ òsì ló fi ń gbá, ẹni tó bá mọ họ́kì mọ̀ pé gbígbá puck lẹ́bàá ògiri ọ̀tún pẹ̀lú ọwọ́ òsì dà bí ẹni ń kọ̀wé lójú dígí, gbogbo nǹkan ló yí padà, wọ́n sì gbìyànjú o, ó ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ tún wo ẹni tí Nurse ń kojú. Àwọn atamátàsé alátakò tó dára jù ni wọ́n ń sọ sí i, lálẹ́ lálẹ́, ibi tí eré sì ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni iwájú ilé wa, kì í ṣe iwájú ilé wọn. Òun ni wọ́n ń pè tí ẹnì kan bá wọ àpótí ìjìyà. Tí ẹ bá gbé ẹrù yìí lé ẹlòmíràn lórí, ẹni tí gbogbo ayé ń yìn pé ó mọ́ tónítóní ní ipò kẹta, láàárín àwọn méjì tí wọ́n ń lò kéré jù, ẹ máa rí i bí ọrùn ẹ̀ á ṣe rí.

Àléébù ẹ̀ náà wà. Ó máa ń fi iwájú aṣọ́lé sílẹ̀ lọ lé ènìyàn kiri lẹ́bàá ògiri, tí wọ́n á wá fi páàsì kan gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Ó máa ń rò pé ẹsẹ̀ òun lè gba òun, torí ó yára gan-an fún ẹni tó ga tó yẹn, nígbà míràn ẹsẹ̀ ò gbà á. Mo fẹ́ kí ẹ bá a sọ ìyẹn, kóòṣì lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí Florida gbá mẹ́ta wọlé wa ní game kẹrin àṣekágbá yìí, tí gbogbo èèyàn ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, góòlù Nurse wà lára ohun tó gbé wa dìde, Jake Walman náà gbá tiẹ̀, a sì jà á borí 5-4. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mílíọ̀nù 9.25 gbá góòlù lọ́jọ́ yẹn.

Èmi náà gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ìlú yìí, mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan fún mi láti rí Nurse pẹ̀lú aṣọ yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti mú un nínú draft 2013, ètò tí àwọn tíìmù fi ń yan ọ̀dọ́ eléré. Ó jẹ́ nǹkan. Ọmọ mi ní orúkọ ẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń gbèjà ẹ̀, ohun tí mo rí láti òkè yẹn ni mò ń sọ.

Mattias Ekholm ni mo rò pé ó yẹ kó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2023 ló dé láti Nashville, láti ọjọ́ yẹn ni Bouchard ti yí padà, torí ẹnì kan ti wà lẹ́yìn ẹ̀ tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun dúró. Bouchard á gòkè, Ekholm á dúró. Bouchard á ṣìṣe, Ekholm á ti wà níbẹ̀. Ẹ kì í gbọ́ orúkọ ẹ̀, àmì pé iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Ìgbà wo la wá gbọ́ orúkọ ẹ̀? Ìgbà tí kò sí. Ó fara pa lọ́dún yìí, a ò rí i nínú play-off títí di game karùn-ún pẹ̀lú Dallas, gbogbo adẹ́yìnmú yòókù ló ní láti sún sókè ní ipò kan kan, ẹni tó yẹ kó kojú àwọn eléré ìkejì alátakò ń kojú àwọn àkọ́kọ́ tó dára jù, ẹni tó yẹ kó wà ní ìkẹta ń kojú ìkejì. Tí àṣìṣe bá wá pọ̀ nígbà yẹn, ta la máa bá wí? Nígbà tó padà dé náà, game àkọ́kọ́ àṣekágbá, òun ló gbá góòlù tó sọ ọ́ di 3-3 tí a fi borí lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Ẹni ọdún 35 ni báyìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ orí lé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ìjìyà tún wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Play-off 2024, ìgbà 70 ni wọ́n rán ẹnì kan wa lọ sínú àpótí, ìgbà 66 la dáàbò bo ilé wa láìjẹ góòlù, ìdá 94.3 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan ìyanu ni. Àwọn wo ló ń dúró síwájú aṣọ́lé nígbà yẹn? Nurse àti Ceci, Ekholm àti Vincent Desharnais. Ceci àti Desharnais, àwọn méjì tí gbogbo ìlú ní kí ẹ lé! Desharnais lọ sí Vancouver, ẹ̀yin gan-an lẹ fi Ceci ránṣẹ́ sí San Jose tí ẹ fi gba Ty Emberson, inú wa dùn, èmi náà dùn, mo jẹ́wọ́. Lọ́dún yìí, láti game àkọ́kọ́ pẹ̀lú Los Angeles la ti ń jẹ góòlù nígbà ìjìyà bí ẹni ilé ẹ̀ ò nílẹ̀kùn. Mi ò sọ pé àwọn méjì yẹn nìkan ló fà á, àwọn eléré iwájú tó mọ iṣẹ́ yẹn náà lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí a ń fún Ceci ní máàkì, eré márùn-ún sí márùn-ún, tí ẹnikẹ́ni ò sí nínú àpótí ìjìyà, nìkan la wò, a ò ka iṣẹ́ òru tó ń ṣe. Nígbà tí mo wá rí i nínú aṣọ Dallas tó ń kojú wa nínú ìpele kẹta lọ́dún yìí, ó ṣe mí bákan.

Philip Broberg ńkọ́? Ibí yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Wọ́n mú un ní ipò 8 nínú draft 2019, ọdún lọ ọdún bọ̀ wọ́n ń gbé e lọ sísàlẹ̀ sí Bakersfield, tíìmù kékeré wa, wọ́n ń gbé e padà, ọ̀pọ̀ ìgbà tó bá wọlé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, tó bá ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan ó di bẹ́ǹṣì. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ díwọ̀n ẹni tí wọn ò gbé nǹkan kan lé lọ́wọ́? Ìgbà tó di game kẹrin pẹ̀lú Dallas ní 2024 ni kóòṣì tó gbé e wọlé, kò sì jáde mọ́ títí game keje àṣekágbá fi parí, game mẹ́wàá gbáko, ọmọ náà ṣe eré bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo wa ń pariwo pé a ti rí ẹnì kan. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, St. Louis gbé ìwé wá pé àwọn fẹ́ ẹ, ọdún méjì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.58 lọ́dún, ẹ ò bá wọn dọ́gba, ẹ gba ipò kan nínú draft ẹ jẹ́ kó lọ, Dylan Holloway, eléré iwájú wa, náà bá irú ọ̀nà kan náà lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì ju bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lórí àga nígbà yẹn, owó ò sí nílẹ̀, mi ò di gbogbo ẹ̀bi rù yín. Ṣùgbọ́n àìdíwọ̀n dáadáa láti ọdún méjì mẹ́ta ṣáájú ló fà á. Ká ní a ti gbé iṣẹ́ gidi fún un lásìkò, à bá ti mọ iye tó tó kí St. Louis tó wá sọ fún wa.

Walman tí ẹ mú wá ní oṣù Kẹta, ẹ ṣe é dáadáa, ó ń gbé puck jáde kúrò nílé wa láì gbọ̀n, ẹ kú ọpọlọ. Kulak, ẹ máa fún un lówó ẹ̀. Emberson ṣì ń kọ́ṣẹ́, ẹ má tíì dájọ́ tiẹ̀, ẹ rántí Broberg.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Tí ẹ bá jókòó sípàdé lórí àwọn adẹ́yìnmú kí kámpù oṣù Kẹsàn-án tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan nínú yàrá yẹn gbé fídíò game kan sílẹ̀, kó má yan èyí tí góòlù wà nínú ẹ̀, kó yan ìpín kan tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀, kí gbogbo yín wá béèrè ìdí tí ohunkóhun ò fi ṣẹlẹ̀. Ta ló pa á? Ìgbà mélòó ló gbé puck jáde tó wà lọ́wọ́ wa títí a fi kọjá ìlà búlúù wọn, kì í ṣe pé ó sáà jáde? Ìgbà mélòó ló kọ̀ fún alátakò láti gbé e wọlé lẹ́sẹ̀ ara ẹ̀? Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ta ló wà níwájú ẹ̀, ibo ni eré ti bẹ̀rẹ̀, ṣé a ń lé ni àbí a ti wà níwájú? Aṣọ́lé ńkọ́, ṣé ó mú èyí tó yẹ kó mú? Kí ẹ tó béèrè gbogbo èyí tán, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ owó.

Kí ẹ sì jọ̀ọ́ wá adẹ́yìnmú kan tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá wá fún Nurse, ẹni tó lè dúró síbi kan nígbà tí Nurse bá lọ, bí Ekholm ṣe ń dúró fún Bouchard, kí ẹ fi wọ́n papọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sísìn, kí ẹ má tú wọn ká lẹ́yìn game mẹ́rin. Ẹ fún wọn tó oṣù méjì. Tí kò bá wá dáa lẹ́yìn ìyẹn, tí Nurse ṣì ń fi iwájú ilé sílẹ̀, mo máa kọ lẹ́tà mìíràn sí yín, mo máa sọ ohun tí mo rí bó ṣe rí.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún oṣù Kẹwàá. Òkè pátápátá náà ni, ìlà tó gbẹ̀yìn.

Èmi ni tiyín,
ọmọ Yorùbá kan tó ń wo Oilers láti òkè Rogers Place